Ọwọ́ Tí Ń Tún Ìwé Ṣe

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí òjò pa àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí a kò kọ́. Ìwé bàjẹ́, ọmọ bàjẹ́. Ìwà tí ojú ń tini láti sọ, ìwà ìbàjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó dojú kọ ìbàjẹ́ náà kò sì ju ọ̀kan lọ: à ń tọ́jú aláìsàn, à ń tọ́jú ọmọ, à ń tọ́jú owó, à ń tọ́jú ìwé. Ó hàn pé àwọn tó ni èdè yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ọwọ́ tí ènìyàn fi ń mú nǹkan àti ìwà tó wà nínú rẹ̀, orísun kan ni wọ́n ti ń ṣàn wá.

Ìwà kì í ṣe ohun tí ẹnu ń kéde. Bí ènìyàn ṣe wà ni. Bí ènìyàn ṣe wà kì í sì í fara hàn dáadáa níbi tí gbogbo ojú ti ń wò ó, nítorí pé níbẹ̀, ìtìjú tàbí ìfẹ́ ìyìn lè ṣe iṣẹ́ tí ìwà ì bá ṣe. Ibi tí ó ti ń hàn ni ibi tí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni kì í ti í ṣe tẹni, tí olóhun kò sí nítòsí, tí kò sì sí ẹni tí yóò dúpẹ́ bí a bá ṣe é dáadáa tàbí tí yóò bá wa wí bí a bá ṣe é ní ìdàkudà. Ilé ìkàwé jẹ́ irú ibẹ̀. Ìwé tó wà lórí pẹpẹ níbẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀gá àgbà, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó yá a lọ sílé. Ohun àjùmọ̀ní ni, púpọ̀ nínú àwọn tó ni ín kò sì tí ì dáyé. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tó dà bí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, èyíinì ni kí ni kí a ṣe sí ìwé tó ti ya, tó ti hu, tó ti tú, fi jẹ́ ìbéèrè nípa ìwà ju bí ó ti jẹ́ ìbéèrè nípa bébà àti gọ́ọ̀mù lọ.

Ohun tí ń ba ìwé jẹ́ pọ̀, kò sì yẹ kí a dá gbogbo wọn lẹ́jọ́ bákan náà. Ní ilẹ̀ tiwa, omi ni àkọ́kọ́. Bí òrùlé bá jò lóru ọjọ́ kan ní oṣù Agẹmọ, ìwé tó rin kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí irun funfun, irú èyí tí ń bo oúnjẹ tó ti hùkasì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú rẹ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ sì dé, èèpo ìwé a ká bí etí ajá, àtè tó mú ẹ̀yìn rẹ̀ a gbẹ, a sì sán. Ti ikán burú jù, nítorí pé ẹlẹ́tàn ni. A máa gba inú ògiri wọ ẹ̀yìn pẹpẹ, a sì máa jẹ inú ìwé tán kí ó tó kan èèpo, tó bẹ́ẹ̀ tí ìtò ìwé yóò dúró gbọnrangandan bí ọmọ ogun, tí ẹni tó bá fa ọ̀kan yọ yóò kàn bá erùpẹ̀ lọ́wọ́.

Ìbàjẹ́ mìíràn ti inú ìwé fúnra rẹ̀ wá. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú bébà ayé, álọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ń pò mọ́ ọn kí yíǹkì má baà tàn ká a máa di ásíìdì tí yóò máa jẹ bébà náà díẹ̀díẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi àkísà ṣe bébà rẹ̀ ní Yúróòpù ní igba ọdún ṣáájú àkókò náà sábà máa ń le ju ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1930 lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé inú sáà bébà aláìlera yìí gan-an ni èdè wa bọ́ sí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́: Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, odindi Bíbélì tó jáde ní 1884, Akéde Èkó tí I. B. Thomas fi gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti 1929 sí 1930, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ní 1938. Ogún tí ìran kan fi sílẹ̀ ń jẹ ara rẹ̀ run lórí pẹpẹ, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tó kù ni ti ọwọ́ ènìyàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti dun ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi abẹ fẹ́lẹ́ gé ojú ìwé mẹ́fà kúrò nínú ìwé òfin kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ kò jí bébà nìkan. Ó gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ìlà, ó sì gbà á lọ́wọ́ àbúrò tí yóò wá ní ogún ọdún sí i, tí yóò ka ojú ìwé 112 tán, tí yóò sì bá ara rẹ̀ ní ojú ìwé 119. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó gé e ti di amòfin ńlá nígbà náà, kí ó máa jà fún ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Òfin tó mọ̀, inú ìwé tó bà jẹ́ ló ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ba ìwé jẹ́ ni ọwọ́ burúkú. Ní ilé ìkàwé kan ní Ìbàdàn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá kan mú ìwé àwọn ọmọdé dé ibi tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó gbé ẹyin. Kò dúró kí wọ́n ṣí i kí ó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọwọ́ wa ló bàjẹ́ sí. Ọmọ yìí ń jẹ àkàrà nídìí rẹ̀, mi ò sì tètè rí i.” Epo ti gba ewé ìwé mẹ́rin kọjá, ó ti mú kí bébà náà máa mọ́lẹ̀ bí gíláàsì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjàpá tó wà ní ẹ̀yìn ń hàn láàárín ẹsẹ̀ erin tó wà níwájú. Bàbá tó jókòó níbẹ̀ fi ìka kan ojú epo náà, ó wò ó lẹ́yìn, ó wò ó níwájú, ó fa rẹ́jísítà sọ́dọ̀, ó sì kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, ìyá,” ni ó wí. “Èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ ni kì í ṣe é wò.” Ó sọ iye tí wọn yóò san, kò pọ̀, ó sì tún yá ọmọ náà ní ìwé mìíràn.

Ìwà méjì ló pàdé lórí tábìlì yẹn, ọ̀kan kò sì lè dá ṣiṣẹ́ láìsí èkejì. Òtítọ́ ìyá náà ì bá ṣòro láti sọ bí ó bá jẹ́ pé ariwo àti ẹ̀gàn ni yóò pàdé. Ìwà pẹ̀lẹ́ bàbá náà kì bá sì rí iṣẹ́ ṣe bí ìyá náà bá ti rọra fi ìwé náà há àárín méjì mìíràn, tó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Níbi tí owó ìtanràn bá ti ju agbára àwọn ènìyàn lọ, tí òṣìṣẹ́ sì ń fi ẹnu gún àwọn ènìyàn bí abẹ́rẹ́, ìwé tó bàjẹ́ kì í padà wálé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni í gbé, títí ẹni tó yá a yóò fi kó kúrò ní àdúgbò. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ní ti ilé ìkàwé, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn, kò sí àfiwé nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìwé tó bàjẹ́ bá dé yàrá ẹ̀yìn, iṣẹ́ ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bí ìbàjẹ́ náà ṣe burú tó ni ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ́kọ́ ń wò. Ó ń wò ó bóyá irú rẹ̀ wà níbòmíràn, bóyá àwọn ènìyàn ṣì ń kà á, bóyá a lè rí òmíràn rà, àti iye ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà. Ìwé ìṣirò tí wọ́n ṣì ń tà lọ́jà kò yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìwé rán. Ìwé pélébé tí ìjọ kan tẹ̀ fún ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí a kò mọ ibòmíràn tí ẹ̀dà rẹ̀ wà, yẹ fún odindi oṣù, bí kò tilẹ̀ ju ojú ìwé ogún lọ, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó béèrè rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni tó fẹ́ ṣe rere kíákíá. Ó rí ojú ìwé tó ya, ó sáré mú sẹ́lótéèpù. Lọ́jọ́ náà, ó dára lójú; ó ń dán, ó sì mú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ yóò ṣí kúrò, àtè rẹ̀ yóò kù sínú bébà, yóò pọ́n bí epo pupa tó ta sí aṣọ àlà, kò sì ní rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti mú un kúrò mọ́. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé kì í lò ó. Sítáàṣì tí wọ́n fi àlìkámà sè ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ilẹ̀ Japan tí fọ́nrán inú rẹ̀ gùn, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lójú. Wọn kì í fi sáàsì gé e. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á ya, kí etí rẹ̀ lè ní irun tí yóò so mọ́ ara bébà àtijọ́. Wọ́n a fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun sítáàṣì sí i, wọ́n a tẹ́ ẹ sójú ibi tó ya, wọ́n a fi ìka rọra tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, wọ́n a sì gbé nǹkan wúwo lé e títí yóò fi gbẹ. Ìdí tí wọ́n fi yan sítáàṣì ni pé omi díẹ̀ lè tú u. Ẹni tí yóò wá lọ́jọ́ iwájú, tí ìmọ̀ rẹ̀ ju ti òní lọ, yóò lè tú ohun tí a ṣe, kí ó sì ṣe é dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlànà yìí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. A sábà máa ń fi ìdọ̀bálẹ̀ àti ohùn jẹ́jẹ́ mọ onírẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ kan wà tó jinlẹ̀ ju èyíinì lọ: kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ yóò fi rí àyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lo sẹ́lótéèpù kò ní èrò burúkú. Ohun tó ṣe é ni pé kò rò ó pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdájọ́ inú ilé àti ti ìlú. Bàbá tó bá ọmọ rẹ̀ wí lọ́nà tí ọmọ náà fi lè padà wọlé lọ́la ti fi sítáàṣì ṣiṣẹ́. Èyí tó kọ ọmọ lójú ọjà, tó ní òun kò bí i, ti ṣe ohun tí ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò ní lè tú.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Igbá tó là kì í dédé di ohun àjùnù. Wọ́n a dá ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tó là, wọ́n a sì fi okùn rán an pọ̀. Ojú rírán náà ń hàn gbangba, kò sí ẹni tó ń díbọ́n pé igbá náà kò là rí, síbẹ̀ a ń fi í wọn gààrí. Àtúnṣe tó dára kì í purọ́. Nínú ìwé pẹ̀lú, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ kúrò, ẹni tó ń tún un ṣe lè di ihò náà pẹ̀lú bébà tuntun, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí òun rò pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí i, bó ti wù kí ó dá a lójú tó. Ojú funfun tó ṣófo lè dun òǹkàwé. Ọ̀rọ̀ àfikún tó jọ òótọ́ yóò tàn án jẹ.

Ìkánjú a máa wọ aṣọ ìmọ̀ nígbà mìíràn. Ní ọ̀rúndún ogún, ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù bébà tó ń rún ba àwọn ilé ìkàwé ńlá. Wọ́n ya àwòrán ìwé ìròyìn àti ìwé àtijọ́ sórí máíkírófíìmù, wọ́n sì ta púpọ̀ nínú ojúlówó wọn tàbí kí wọ́n jù ú nù. Ìdánwò kan wà tí wọ́n fi ń mọ ìwé tó ti gbó: wọ́n a ká igun ojú ìwé síwájú, wọ́n a ká a sẹ́yìn, wọ́n a máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí igun náà yóò fi já, iye ìgbà tí wọ́n ká a ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́. Orúkọ ìdánwò yìí ni òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Nicholson Baker, fi sọ ìwé tó kọ ní 2001, Double Fold. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ẹni tó ń ka ìwé nípa kíká igun rẹ̀ títí yóò fi já. Ìwé tó kùnà nínú ìdánwò yẹn ṣì ṣe é ṣí, ó ṣì ṣe é kà. Kò sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹnu. Nígbà tí ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1999, Baker ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdìpọ̀ ti Amẹ́ríkà, ó wá ilé fún wọn, títí Yunifásítì Duke fi gbà wọ́n ní 2004. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ìwé kò fara mọ́ gbogbo ohun tó sọ, wọ́n sì ní ìdí: owó kò tó, àyè kò tó, àwọn tó ṣe ìpinnu wọ̀nyẹn kì í sì í ṣe ọ̀tá ìwé. Ṣùgbọ́n lórí ìdánwò igun ìwé, ó jọ pé ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ fi ìwé ṣe ni ìdánwò náà ń wọ̀n. Ìlú tó bá fi eré sísá wọn ìwúlò arúgbó yóò lé àwọn tó mọ ààlà ilẹ̀ rẹ̀ jáde.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kí a má ju ìwé kankan nù kò tí ì ru ẹrù ilé ìkàwé rí. Ìwé ìṣègùn tí wọ́n tẹ̀ ní 1965, tó ń júwe ìwọ̀n oògùn tí àwọn dókítà ti pa tì, lè ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ìjàǹbá bí ó bá ṣì wà láàárín àwọn tuntun. Ìwé tó hu, bí a kò bá tètè yà á sọ́tọ̀, yóò kó ti ara rẹ̀ ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè tí ìwé mẹ́wàá kan náà gbà lórí pẹpẹ, àwọn mẹ́sàn-án tí kò sí ẹni tó nílò wọn ń lé mẹ́sàn-án mìíràn síta. Jíju ìwé nù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà jù ú nù ni í sọ irú ẹni tí a jẹ́.

Ní gbogbo ohun tí a lè ṣe sí ìwé, jíjù nù nìkan ni kò ṣe é tú. Nítorí náà ni kò fi yẹ kó jẹ́ ìdájọ́ ẹnì kan ní ìkọ̀kọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, ẹni tó mọ̀ nípa kókó ìwé náà yóò wò ó, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ilé ìkàwé mìíràn bóyá wọ́n ní i tàbí wọ́n fẹ́ ẹ, wọn yóò pa á rẹ́ kúrò nínú rẹ́jísítà, wọn yóò lu òǹtẹ̀ tó fi hàn pé ó ti jáde ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, àwọn tó fọwọ́ sí i yóò sì ju ẹnì kan lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é lóru, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà lẹ́bàá títì ni ìlú ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá tú ẹ̀pà sísun tó rà, tó sì rí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé lára bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa kì í fi Kùránì tó gbó pọ́n ọjà. Wọ́n a sin ín tàbí kí wọ́n sun ún pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn Júù ìlú Káírò ìgbàanì náà kì í ju bébà tí wọ́n ti kọ̀wé sí nù. Yàrá kan wà nínú sínágọ́gù wọn tí wọ́n ń kó o sí. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Solomon Schechter kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Cambridge ní 1897, lẹ́tà oníṣòwò ló wà níbẹ̀, àdéhùn ìgbéyàwó, ìwé gbèsè, àti bébà tí àwọn ọmọdé fi kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Láti ara àkísà bébà wọ̀nyẹn ni àwọn òpìtàn ti mọ bí àwọn ènìyàn lásán ṣe ń gbé ayé wọn létí odò Náílì ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Yorùbá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ó sì sún mọ́ ilé ju ti Káírò lọ. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní 1897, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn tí ogun ṣojú wọn. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀. Ó sọnù níbẹ̀. Àlùfáà náà kú ní 1901 láìfojú kàn án mọ́. Ohun tó kù kò ju àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ tí kò gún, irú bébà tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kó dà sí ààtàn nígbà tí wọ́n bá ń gbá yàrá olóògbé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó jẹ́ oníṣègùn ní Èkó, kò gbá wọn dànù. Ó jókòó tì wọ́n, ó to èyí mọ́ ìyẹn, ó sì tún odindi ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Kìíní 1916, ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì gba Appam lójú òkun, wọ́n sì tù ú lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, ogun sì ti sọ bébà di ọ̀wọ́n nígbà náà. Dókítà náà kú ní 1920. Ìwé náà, The History of the Yorubas, jáde ní 1921. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Ti àbúrò wà lábẹ́, gẹ́gẹ́ bí olótùú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ méjì yìí. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ìwé tó sọnù kọ lè sọ pé tòun ni, kì bá sì sí ẹni tó máa jà á níyàn. Ṣùgbọ́n Obadiah Johnson mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ni ohun kan àti ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ìlú jẹ nínú ìwà ọkùnrin kan yìí kò ṣe é kà tán. Ó ṣòro láti rí ẹni tó kọ ìtàn Yorùbá láti ìgbà náà tí kò gba inú ìwé yẹn kọjá, yálà láti tẹ̀ lé e tàbí láti bá a jiyàn.

Èso irú ìwà bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ọwọ́ ẹnì kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, òpìtàn Kenneth Dike gba ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì láti mọ ibi tí àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba àtijọ́ wà àti ipò tí wọ́n wà, kí ọ̀rinrin àti ikán tó pa wọ́n run. Ní 1954, iṣẹ́ náà bí ibi ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ Dike lónìí. Ní ìlú Florence ní Ítálì, nígbà tí odò Arno kún wọ ilé ìkàwé àpapọ̀ wọn ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá 1966, àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ púpọ̀ tò sínú ẹrẹ̀ láìgba owó, wọ́n ń na ìwé láti ọwọ́ dé ọwọ́ gòkè wá. Áńgẹ́lì inú ẹrẹ̀ ni àwọn ará ìlú náà ń pè wọ́n. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá ilé ìkàwé mu. Nígbà tí iná sun yàrá ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin 2021, ohun tó jó níbẹ̀ jó lọ ni, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìwé nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tó wà ní abẹ́ ilé, tí omi panápaná rin, ni ìrètí wà fún, ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì wá gbé wọn jáde, àpótí tẹ̀lé àpótí.

Nítòsí wa níhìn-ín, èso náà rọrùn láti rí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú, ní Abẹ́òkúta, ní Ilé-Ifẹ̀, àpótí irin kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà: ìwé ilẹ̀, lẹ́tà ìgbà ogun, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ìwé ìròyìn tó ti pọ́n. Ìdílé tó bá ti rí bí ilé ìkàwé kan ṣe ń ṣe sí ìwé tó bàjẹ́ ni yóò ṣí àpótí náà fún un. Èyí tó bá ti rí òǹtẹ̀ lára bébà ẹ̀pà yóò ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kò sì sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ọ̀gá àgbà lè kọ tí yóò ṣí i.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, ìwé tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àná ti gbẹ. Òṣìṣẹ́ gbé irin kúrò lórí rẹ̀, ó ṣí i láti àárín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ibi tó ya, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú rírán ń hàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe é kà. Ó mú pẹ́ńsù, nítorí pé bírò kò ṣe é pa rẹ́, ó kọ ọjọ́, ohun tó ya, àti ohun tó fi tún un ṣe sí inú èèpo ẹ̀yìn, ó sì fi àyè ìlà méjì sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.